Àna Tó Wà Lára Ògiri

Kí n tó fi ojú mọ ilé wa, etí ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ní Hayin Banki, ní Kaduna, lẹ́yìn garejì Kawo, ìró ló ń jí ènìyàn, kì í ṣe oòrùn. Ohùn ladánì ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, á rọra wọlé bí ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ló jí wa. Lẹ́yìn náà ni epo Àńtí Ládì, aládùúgbò wa tó ń dín kòsáì, àkàrà Hausa, lẹ́nu ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nínú agbada. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mẹ́ruwà tó ń ta omi á dún gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ lórí òkúta. Tó bá yá, òòlù Bàámi á dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò-kò-kò, kò-kò, lórí àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ tí kò gùn ju èékánná lọ. Èmi á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ojú mi á wà ní pípadé, màá máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó wà létí odò. Férémù fọ́tò ni Bàámi ń kàn. Òórùn pákó tuntun àti àtè wà nínú irun wa, ó wà nínú búrẹ́dì wa, ó wà nínú aṣọ tí a fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá ń gé gíláàsì, ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ tuntun ya, Màámi á sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ọdún tí mò ń rántí yìí, àwọn ológun ti padà sí bárékè wọn, àwọn alágbádá ti gbàjọba, àwọn àgbà sì ń sọ lójúde pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ó lè ti parí níbòmíràn. Nínú pálọ̀ tiwa, kò parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ bí kò ṣe rí. Olórí ìjọba ológun kan wà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára òpópónà kan tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ìyẹn ti tó o. Nígbà ìjọba rẹ̀, kò sí ọ́fíìsì, kò sí ilé-ìwé, kò sí ilé ìwòsàn tí kò gbọ́dọ̀ gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ ògiri, Bàámi sì wà lára àwọn tí wọ́n ń kó o wá fún pé kí wọ́n fi férémù sí i. Èyí tó ti wọ kákí, tí irin wẹ́wẹ́ kún àyà rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé wá. Nígbà tó yá, ó wu ọkùnrin náà kó di alágbádá láìdìde kúrò lórí àga. Ó bọ́ kákí, ó wọ agbádá funfun, ó dé fìlà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí bàbá àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n kó wá fún Bàámi ní ìdì-ìdì. Kò tíì kàn wọ́n tán tí ìjọba fi bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kò sì sí ẹni tó wá bèèrè wọn mọ́. Ilé wa kì í fi nǹkan ṣòfò. A fi ojú rẹ̀ tẹ́ inú àpótí aṣọ, a fi dí ihò fèrèsé kí ọyẹ́ má bàa fẹ́ wọlé, a fi bo ìwé ìṣirò mi. Ní kíláàsì, bí mo bá ń ronú, ìgbọ̀nwọ́ mi wà lẹ́nu rẹ̀.

Èyí tó tóbi jù nínú wọn wà ní pálọ̀, nínú férémù tó dára jù tí Bàámi kàn láyé rẹ̀: igi ọ̀gánwó, tí ó gbẹ́ ewé àjàrà yí ká, tí ó fi epo pa títí ó fi ń dán bí omi. Ó gbé e kọ́ kí oníbàárà lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Màámi kò fẹ́ rí i. Tí Bàámi bá ti jáde, Màámi á dojú rẹ̀ kọ ògiri. Tí oníbàárà bá fẹ́ wọlé, Bàámi á tún un dá padà.

“Férémù ni mo gbé kọ́,” Bàámi á wí. “Kì í ṣe ọkùnrin yẹn.”

“Férémù ò ní ojú, Bàbá Fúnmi. Èyí ní ojú méjèèjì, ó sì ń wò mí tí mo bá ń jẹun.”

“Jẹ́ kí ẹnìkan rà á. Ọjọ́ tí wọ́n bá ra férémù, ọkùnrin náà á jáde.”

Ta ló fẹ́ rà á? Gbogbo ẹni tó bá wọlé á gbóríyìn fún un, á fi ọwọ́ pa ewé àjàrà yẹn, á wá sọ pé kí Bàámi kan kékeré kan fún òun. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà lára ògiri títí ìyá Màámi fi dé láti ìlú. Iye Àgbà ni a ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ Okun tí wọ́n ti wá. Ó gbọ́ pé ẹ̀wọ̀n kan níhà Àríwá ni Bùrọ̀dá Dáre wà, àbúrò Màámi, àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wà nítòsí, bí ẹni pé ọmọ á gbọ́ òórùn ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìn odi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà. Ó ń rí ènìyàn, kò rí ojú abẹ́rẹ́. Ó ń rí funfun, kò rí eruku tó wà lára rẹ̀. Olórí ìjọba yẹn, orúkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀, láti ẹnu rédíò. Ó wọ pálọ̀ wa, ó gbójú sókè, ó rí bàbá kan nínú agbádá funfun, nínú férémù tó ju ti olóyè lọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Níbo la ti ń rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Nínú pálọ̀ ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú ni. Iye gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbọnrangandan.

“Ẹ kúulé o, àna mi. Èmi ìyá Bọ́lá, aya ọmọ yín, ni. Ẹ má bínú pé ẹsẹ̀ mi pẹ́.”

Bàámi la ẹnu. Màámi wò ó, ó sì pa á dé. Lọ́jọ́ kejì Iye rí ojú kan náà nínú àpótí aṣọ, ó rí i lára fèrèsé, ó rí i lára ìwé mi, ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ pátápátá. Ó ní, “Òkú yìí, ẹ ṣe é o. Ẹ tẹ fọ́tò fún gbogbo ìlú, ó tún ṣẹ́kù. Àwa nílé, kàlẹ́ńdà ni a tẹ̀ fún bàbá Bọ́lá, kò sì kárí.” Ó gbé ìwé ìṣirò mi sójú, ó tún gbé e jìnnà, ó ní ọmọ tó bá ń gbé bàbá-bàbá rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé kò ní gbàgbé ilé. Lẹ́yìn ilé, Màámi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, omi náà kò sì dá mọ́ nígbà tí ẹ̀rín dá. Ó ní kí a dákẹ́. Ó ní ojú ìyá òun kò ríran, ọkàn rẹ̀ kò sinmi, kí ni ènìyàn fẹ́ sọ fún un? Pé ẹni tó ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé ni ó kúnlẹ̀ kí? Bàámi ní ó dára, òun á gbé e kúrò. Màámi ní, “Kí o wá sọ fún un pé àna rẹ̀ rìnrìn àjò?”

Nítorí náà ó wà níbẹ̀, Iye sì ń kí i. Láràárọ̀, kí ó tó mu kúnú, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á fi ọwọ́ tọ ògiri dé iwájú rẹ̀, á kúnlẹ̀. “Ẹ kú àárọ̀ o, àna mi. Ẹ kú ojú lọ́nà wa. Ẹ̀yin lẹ wà níbi tí ẹ ti ń rí gbogbo wọn. Ẹ bá mi bẹ àwọn tó di Dáre mú. Ẹ ní ìyá rẹ̀ ni kó bẹ̀ wọ́n. Ẹ ní kò mọ̀ ju ilé-ìwé lọ.” Pásítọ̀ wa ti sọ pé kí a má bá òkú sọ̀rọ̀, Iye ní òun kò bọ ẹnikẹ́ni, ìkíni kì í ṣe ìbọ, àna tí kò bá ń kí àna kò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi ni mo máa ń di igbá kúnú rẹ̀ mú. Oòrùn àárọ̀ á wọlé láti ẹnu ọ̀nà, á gun orí gíláàsì, ojú ọkùnrin náà á máa lọ, á máa bọ̀, bíi pé ó ń mí. Ilẹ̀ pálọ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Èéfín kòsáì ń rọra kọjá. Ìgbà kan wà tí èmi gan-an kò mọ̀ mọ́. Mo lá àlá pé ó sọ̀ kalẹ̀ láti inú férémù, ó gbé mi kọ́ ọrùn, ó ń gbé mi kiri ọjà Kawo, ó ń ra àgbàdo yíyan fún mi, agbádá rẹ̀ sì ń rùn bí ọṣẹ. Ó dùn mọ́ mi. Mo jí, mo rẹ́rìn-ín sí i. Ìyẹn náà wà lára ohun tó gbà lọ́wọ́ mi: mo lá àlá bàbá àgbà lẹ́ẹ̀kan péré láyé mi, òun ló jókòó síbẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bí ó ṣe tẹ̀ léra, nítorí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì pé ẹ̀sùn tí kò ní àlàyé, ariwo lásán ni. Tíṣà ni Bùrọ̀dá Dáre, ní ìlú kan létí odò Ọya. Olórí ìjọba ń bọ̀ wá ṣí ilé kan níbẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú àsíá bébà lọ́wọ́, láti ìdájí. Oòrùn yọ. Kò dé. Oòrùn gòkè. Kò dé. Kò sí omi, kò sí òjìji, sọ́jà kan sì ń rìn níwájú wọn pé kí wọ́n gbé àsíá sókè. Ọmọbìnrin kan ṣubú. Òmíràn ṣubú lé e. Ni Bùrọ̀dá Dáre bá bọ́ síwájú, ó ní, “Ẹ lọ sílé. Ẹ lọ mu omi.” Nígbà tí ọkọ̀ Ọ̀gágun wá kọjá, àsíá ló wà nílẹ̀, kò sí ọmọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú un níwájú bọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò fẹ̀sùn kàn án. Wọn ò gbé e dé kóòtù. Màámi gbé oúnjẹ lọ, wọ́n ní kò sí níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀. Wọ́n gba oúnjẹ náà, wọ́n jẹ ẹ́. Nígbà tí ìjọba wá bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, wọ́n ń tú àwọn ènìyàn sílẹ̀ káàkiri, wọ́n fo Dáre, nítorí kò sí ìwé kankan tó sọ pé wọ́n mú un. Ẹni tí wọn ò mú, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ tú u sílẹ̀? Ó wà níbẹ̀ tí ẹni tó tì í mọ́bẹ̀ ti wà nílé tirẹ̀, tó ń fún òdòdó lómi. Ọkùnrin náà ti darúgbó, ó sì ti kú ní àìpẹ́ yìí, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé ó fẹ́ràn àwọn ọmọdé. Mo kà á, mo tún un kà. Mo gbé ìwé ìròyìn náà sílẹ̀, mo lọ fọ ọwọ́ mi.

Ọ̀sán ọyẹ́ ni Bùrọ̀dá Dáre dé, irú ọ̀sán tí eruku máa ń sọ oòrùn di ẹyin funfun lójú ọ̀run, tí gbogbo ohùn máa ń jìnnà. Àńtí Ládì ló kọ́kọ́ rí i, tó ń bọ̀ láti garejì, láìlẹ́rù, bàtà rẹ̀ kì í ṣe ìkejì ara wọn.

“Sannu, malam. Wa kake nema?”

“Gidan mai firam,” ni ó fi Hausa dá a lóhùn pé ilé oníférémù lòun ń wá. Hausa rẹ̀ dán ju tèmi tí wọ́n bí sí Kaduna lọ. Ẹ̀wọ̀n ló kọ́ ọ.

“Kai! Ìyá Fúnmi, zo ki gani! Ẹ wá wo àlejò!”

Iye jókòó ní pálọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ ló fi ń mọ òkúta. Ọkùnrin náà hú ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ Iye dúró. “Dáre,” ó wí, kì í ṣe bí ẹni tó ń bèèrè. Ó ti wà lára rẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ó dìde, ẹ̀wà ti fọ́n ká ilẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ orí rẹ̀, etí rẹ̀, egungun èjìká rẹ̀, bí ẹni tó ń ná ewúrẹ́ lọ́jà. “O ti gbẹ. Ẹ wo ọrùn! Ṣé wọn kì í fún yín ní iyán níbẹ̀ ni?”

“Iye, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí odó?”

Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Iye yípadà kúrò lára rẹ̀, tó dojú kọ ògiri, tó kúnlẹ̀ sáàárín ẹ̀wà. “Ẹ ṣeun o, àna mi! Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbọ́! Ẹ kò jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ mi bọ́ sílẹ̀! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.” Bùrọ̀dá Dáre gbé ojú rẹ̀ lọ síbi tí ìyá rẹ̀ kọjú sí. Ẹ̀rín náà kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń wò ó. Ó gbẹ ni, láti etí ètè wá, bí omi ṣe ń gbẹ lórí símẹ́ńtì.

Lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, ó ní, “Àńtí, ta ni Iye ń kúnlẹ̀ fún?”

“Dáre, rọra,” Màámi wí. “Ó rò pé bàbá ọkọ mi ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ tó ti dé.”

“Kí ló máa ń sọ fún un?”

Èmi ni mo dáhùn, nítorí wọ́n ti kọ́ mi pé tíṣà kì í bèèrè kí ènìyàn dákẹ́. Mo ní, “Ó máa ń ní kó bá òun bẹ̀bẹ̀ kí ẹ lè padà wálé.”

Bùrọ̀dá Dáre jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní àwọn pọ̀ nínú yàrá ẹ̀wọ̀n náà. Ó ní wọ́n máa ń gbé bébà kan wá fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí i: pé àwọn ṣẹ olórí ìjọba, pé àwọn dọ̀bálẹ̀, kó ṣàánú àwọn. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i á lọ. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ, òun ò bá wọn wí, wọ́n láya, wọ́n lọ́mọ. Òun ò fọwọ́ sí i, títí ọjọ́ tí wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn pé kí òun máa lọ. “Bàtà mi, wọ́n gbà á. Eyín mi yìí, wọ́n gbà á. Nǹkan kan ló ṣẹ́kù tí wọn ò rí gbà: mi ò bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fi ń sùn lóru nìyẹn, Àńtí. Mo dé ilé, Iye ti bá mi bẹ̀ ẹ́. Láràárọ̀. Lórí ìkúnlẹ̀.”

Bàámi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fa pákó wẹ́wẹ́ kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó fẹ́ tù ú nínú, ó sì mú èyí tó wà nítòsí. “Dáre, àwọn àgbà ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú rẹ̀ ṣe.”

“Ẹ̀gbọ́n,” Bùrọ̀dá Dáre wí, “ẹnu wọ́dà ni mo ti gbọ́ òwe yẹn kẹ́yìn.”

Wọ́n fẹnu kò pé a ò ní jẹ́ kí Iye mọ̀, nítorí Màámi ní ó lè pa á. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá Dáre kò wọ pálọ̀ mọ́. Ó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín pákó, lórí ẹní. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí ìyá rẹ̀. Ó sọ fún Màámi pé tí ọ̀sẹ̀ náà bá parí, òun á máa lọ. Màámi ní síbo? Kò mọ̀. Iye gbọ́ gbogbo ìrìn rẹ̀, ó gbọ́ pé kò wọlé. Ọmọ tí ó ti ń fi orúnkún wá, ó dé tán, ó ń sá fún un. Ó ronú lórí rẹ̀ bí ó ṣe máa ń ronú lórí gbogbo nǹkan, ó ń lọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ yíká, ó sì rí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló pè é láti inú ilé.

“Dáre. O ò tíì kí àna wa.”

“Màá kí i, Iye.”

“Nígbà wo?”

“Tó bá yá.”

“Ó ti yá. Ènìyàn kì í jẹ oore ẹni kó máa gba ẹ̀yìnkùlé ẹni kọjá. Abájọ tí ara rẹ kò fi balẹ̀ nínú ilé yìí. Ọ̀la, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, o máa dọ̀bálẹ̀ fún un níṣojú mi.”

Mo wo Bùrọ̀dá Dáre lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́jú, ó sì ti dúró dè é. Ó ní, “Ó dáa, Iye.”

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, Bàámi yá a ní bùbá àti ṣòkòtò gínì funfun kan. Ó wọ̀ ọ́ bí aṣọ tí wọ́n fi hánjà kọ́. Nígbà tí a dé, ilé kún fún òórùn ìrẹsì àti ata. Iye kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀, gèlè ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí rẹ̀. “Àna mi, ọmọ náà nìyí. Òun ni mo máa ń sọ fún yín.” Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wá ọwọ́ Dáre. “Ó yá. Dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀. Bùrọ̀dá Dáre fi orúnkún kan kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan kan ilẹ̀. Ọkùnrin tó wà lókè ń rẹ́rìn-ín sí i nínú agbádá rẹ̀, ewé àjàrà yí i ká. Iṣan dìde lọ́rùn Bùrọ̀dá, ó dúró bẹ́ẹ̀, kò lọ sílẹ̀, kò gòkè, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Iye, mi ò lè ṣe é.”

“Kí ló ń dùn ọ́? Ṣé ẹ̀yìn ni?”

“Kì í ṣe ẹ̀yìn.”

“Ìgbéraga ni nígbà náà! Ẹni tó bá ọ bẹ̀bẹ̀ tí o fi dé ilé!”

Ọ̀rọ̀ yẹn bà á bí ọrẹ́. Bàámi ló sọ̀rọ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dìde. Kì í ṣe bàbá mi.”

“Ta ni kì í ṣe bàbá rẹ?”

“Ẹni tó wà lára ògiri yìí. Kì í ṣe bàbá mi, Màmá. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀ nítorí férémù.”

“Ta wá ni?”

Ojúde nìkan ló ń dún, ohùn Àńtí Ládì tó ń lé ewúrẹ́ kan. Bùrọ̀dá Dáre wà lórí orúnkún rẹ̀ síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, orí wọn ṣe déédéé. Ó rọra sọ ọ́ sí i létí, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́. “Iye, òun ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ dúró dè nínú oòrùn.”

“Òun?”

“Òun ni.”

Iye kò ké. Ó fún ojú rẹ̀ pọ̀, ó wo ògiri náà títí. “Ó wọ funfun,” ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ fà mí dìde.” Bàámi di apá kan, Dáre di èkejì. Màámi ti ń sunkún, ó ń ṣàlàyé, pé kí Iye má bínú, pé a ò fẹ́ kó mọ̀, pé ọkàn rẹ̀ ni a ń rò.

“Dákẹ́, Bọ́lá. Dáre, o rò pé mo bá ọ bẹ̀ ẹ́. Torí ẹ̀ ni o fi ń sùn láàárín pákó. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Àna mi ni mo kúnlẹ̀ fún, àna mi ni mo bá sọ̀rọ̀. Bí olè bá dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé, tó gba ẹrù tí wọ́n gbé wá fún onílé, ṣé ó ti di onílé nìyẹn? Olè náà ni. Ẹ kà á mọ́ èyí tó ti jí.” Ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. “Ìwọ ò bẹ̀ ẹ́. Èmi náà ò bẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ nínú ìdílé wa.”

Kò sí kóòtù kan nílẹ̀ yìí tó dá ọkùnrin yẹn lẹ́bi rí. Ìdájọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn, mo sì wà níbẹ̀.

Bàámi gun àga, ó sọ férémù náà kalẹ̀. Ibi tó ti wà lára ògiri mọ́ ju ibi yòókù lọ. Iye dúró, ó ń wo ibi mímọ́ yẹn, ó ní, “Bàbá Fúnmi, bàbá tìrẹ gan-an ńkọ́? Mo ti ń kí i láti ọjọ́ yìí, mi ò tíì rí i.”

Bàámi gbé férémù tì sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní lébìrà rélùwéè ni, ó kú kí òun tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, kò ya fọ́tò rí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dùn. Èmi kò tíì gbọ́ ọ rí kí ó sọ nípa bàbá rẹ̀. Ó ní òun ń kan férémù fún bàbá gbogbo ènìyàn, òun kò ní ohun tí òun lè fi sínú tòun. Ó ní òun rántí pé ó máa ń kọrin tó bá ń fọ ẹsẹ̀ lálẹ́, òun kò rántí orin náà. “Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ojú rẹ̀ ni mo gbé wá, Màmá. Wọ́n ní bí mo ṣe rí yìí ló rí.”

Iye sún mọ́ ọn. Ó sún mọ́ ọn títí mo fi rò pé ó fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi dé ibi tó ti lè ríran. Ó wo iwájú orí rẹ̀, ó wo imú, ó wo àgbọ̀n. Kò yára. Lẹ́yìn náà ó tẹ orúnkún díẹ̀, ìwọ̀nba tí ara rẹ̀ gbà. “Ẹ kú ọ̀sán o, àna mi,” ó wí.

Kò sí ẹni tó ní kí Bùrọ̀dá Dáre ṣe ohunkóhun. A kàn gbọ́ ìró ni, pàá, bí ẹni gbé àpò sílẹ̀, ó ti na ara rẹ̀ gbalaja síwájú Bàámi, àyà nílẹ̀, iwájú orí nílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ti Bàámi dé ibi tí kò mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. “Ah-ah! Dáre! Dìde, dìde jàre! Aṣọ mi lo wọ̀ yẹn o! Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi lo fi ń gbálẹ̀ yẹn!”

Kò dìde. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì nínú gínì funfun náà, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín.